Orin Tí Mo Ní Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kàn mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé mo jalè. Ẹ má sá o, mi ò jí ẹran ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì fọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni. Orin ni wọ́n ní mo jí. Orin ta ni? Orin ara mi! Èmi tí mo ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní mo jí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà lórí fóònù, ẹ̀rín pa mí. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rín yẹn gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀ wá.

Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n Iléṣà ni ilé wa, Iléṣà náà ni mo sì ti dàgbà. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Nígbà tí mo máa fi kúrò nílé, mo ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ojú mi ò tíì rí. Háà! Ojú mi ò tíì rí nǹkan kan.

Ìlú kékeré kan létí òkun ni mo dé sí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, àìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì kí gbogbo èrò ọkọ̀ lápapọ̀, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ẹnì kan ò dáhùn. Obìnrin kan tiẹ̀ fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Mo rọra jókòó, mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo rí, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Dórà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ìyá tó ju ìyá mi lọ! Kí ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kọ́ nílé yóò ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kí n tó dìde, ọ̀gá wa obìnrin ti sáré dé, ó ti di apá mi mú, ó ń béèrè bóyá òòyì ń kọ́ mi. Mo ní rárá o, mo ń kí wọn ni. Kò yé e. Ó lọ mú ìwé tí wọ́n máa ń kọ ìjàǹbá sí, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tuntun ṣubú lórí eékún méjèèjì, ṣùgbọ́n kò farapa.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ìkúnlẹ̀ ọmọ mi ti di ìjàǹbá!" Wọ́n pe gbogbo ará ilé, wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un sọ, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ti parí ọ̀rọ̀, tí yàrá mi pa rọ́rọ́, mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún dáadáa.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ burú. Wọn ò burú rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Iléṣà, bí mo bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, ẹni tí kò mọ orúkọ mi á mọ ti ìyá mi, ẹni tí kò sì mọ ìyá mi á ti gbọ́ ohùn mi rí nínú ìjọ. Níbí, nọ́ńbà ni mí lára káàdì tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn. Ènìyàn lè máa jẹun, kó máa sùn, kó sì máa gbowó oṣù, síbẹ̀ kó dà bíi pé kò sí níbì kankan.

Dórà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo wà. Dórà ò fẹ́ wẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ nítorí àìsàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí omi, á di ilẹ̀kùn mú gírígírí, á sì máa pariwo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ìta, ó di ilẹ̀kùn mú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì ń wo ara wa. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ni nǹkan kan bá bọ́ sí mi lẹ́nu, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀:

*Ilẹ̀ mọ́, mo tún rí i,*
*Mo dúpẹ́ pé mo tún rí i;*
*Òtútù mú mi lọ́wọ́, kò mú mi lọ́kàn,*
*Ayọ̀ mi ń bẹ nílé, ó ń bẹ lọ́nà,*
*Ilẹ̀ mọ́, mo tún rí i.*

Dórà dákẹ́. Ó wo ẹnu mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi imú kùn orin náà kí n tó wọlé! Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ o. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ wa. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Nígbà ìsinmi, mo wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo gba ohùn mi sórí fóònù, mo sì fi ránṣẹ́ sí Màámi. Màámi ò jókòó tì í. Wọ́n gbé fóònù wọn, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Akọrin. Ó yẹ kí ẹ mọ Bàbá Akọrin. Wọ́n ti ń fi dò-rè-mí kọ́ wa lórin láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, wọ́n sì ní ìwé ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́. Gbogbo orin tí ìjọ wa bá kọ́ ló wà níbẹ̀: dò-rè-mí rẹ̀, ọjọ́ tó dé, àti orúkọ ẹni tó ni ín. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, "Orin tí kò lórúkọ, ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ ni." A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn wọn. A ní Bàbá ń kọ ìwé bíi tọlọ́pàá.

Bàbá Akọrin pín orin náà sí ohùn mẹ́rin. Nígbà ìkórè ọdún yẹn, ìjọ wa kọ ọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi ní ibi iṣẹ́, Bísí ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló bá mi wo fídíò tí ìjọ gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára. A jókòó sí ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́, a ń wo àwọn ìyá tí mo mọ̀ láti kékeré, wọ́n ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ, orin tí mo fi wẹ ìyá òyìnbó ni wọ́n ń jó sí. Tíì wa tutù sínú ife.

Bísí ní, "Ìwọ náà gbọ́dọ̀ gbé tìrẹ jáde. Kí aráyé rí ojú ẹni tó ni ín."

Bísí kì í gba "rárá" lẹ́nu ènìyàn. Ó gbé fóònù rẹ̀ ka orí fèrèsé, mo kọ orin, òkun wà lẹ́yìn mi. Nígbà tó fẹ́ gbé fídíò náà jáde lójú òpó mi, ó béèrè pé kí ni kí òun kọ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibí ni mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí wọ́n bá yin ẹnì kan nínú ìjọ pé ó kọrin dáadáa, kí ló máa sọ? Á ní, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run, kì í ṣe èmi." Ẹni tó bá ní, "Ẹ ṣeun, èmi ni," wọ́n á ní ó ti ń gbéra ga. Nítorí náà mo fi ìrẹ̀lẹ̀ tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kì í ṣe èmi ni mo ni ín, Ẹ̀mí Mímọ́ ló ni ín."

Bísí wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Ó sì kọ ọ́.

Orin náà lọ! Ó lọ síbi tí èmi ò lè lọ. Ẹnì kan ránṣẹ́ láti Òṣú pé òun fi jí àwọn ọmọ òun láràárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi. Fún oṣù bíi mélòó kan, bí mo bá ń rìn létí òkun pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù tó tóbi jù mí lọ, ẹ̀rín ló máa ń wà lẹ́nu mi.

Àfi ọjọ́ kan tí lẹ́tà yẹn dé láti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fídíò àwọn ènìyàn sórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní àwọn ti yọ fídíò mi kúrò nítorí pé orin ẹlòmíràn ni mo lò láìgbàṣẹ. Bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á ti ojú òpó mi pa. Orúkọ ọkùnrin olórin kan ni wọ́n kọ sí i pé òun ló ni orin náà. Bísí wá a rí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó wà ní orílẹ̀-èdè òyìnbó mìíràn. Ó ti fi jìtá àti fèrè kọ orin mi láti òkè délẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ó sì ti forúkọ ara rẹ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín orin kiri ayé.

Mo kọ̀wé pé èmi ni mo ni orin. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí i, òun náà sì fèsì. Èsì rẹ̀ ò gùn. Ó kàn ya àwòrán ohun tí Bísí kọ sábẹ́ fídíò mi, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó fún wọn: *Kì í ṣe èmi ni mo ni ín.*

Inú bí Bísí, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá. "Mo bi ọ́ àbí mi ò bi ọ́? Ẹ̀mí Mímọ́ tí o ní ó ni ín, ṣé á wá buwọ́ lùwé fún wa ni?"

 Mo fẹ́ fi orin náà sílẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Mo ní orin ṣá ni, àwọn ènìyàn ṣì ń gbọ́ ọ, ẹnu ẹni yòówù kó ti máa jáde. Nílé wa, ta ló ń béèrè ẹni tó ni orin? Ìyá kan á dá a lágbo, gbogbo agbo á gbè é, ó di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ìwà ahun ni kí ènìyàn máa sọ pé tèmi ni, tèmi ni. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n orin agbo, agbo ló ń gbè é. Kò sí ẹni tó ń dá a gbé lọ, kó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù síta. Ọkàn mi mọ ìyàtọ̀, ẹnu mi ni kò fẹ́ sọ ọ́.

Màámi ló pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Ohùn wọn ò dùn. Wọ́n ti yọ fídíò ìkórè ìjọ wa náà kúrò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ìjọ wa lo ohun olóhun. Bàbá Akọrin, tí wọn ò jí ẹ̀wà ẹnikẹ́ni rí láyé wọn, ti wọlé sùn láti àárọ̀, wọn ò jẹun.

Ìtìjú mú mi. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, mo ní, "Màámi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúró kí n máa sọ pé èmi ni mo ni ín. Ìgbéraga ni. Ọlọ́run ló fún mi."

Wọ́n ní, "Ta ló fún mi ní ìwọ?"

"Ọlọ́run ni, mà."

"Nígbà tó fún mi tán, ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

Mo fọwọ́ nu omijé ojú mi.

"Mo ní ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ẹ̀yin àti bàbá mi ni, mà."

"Ehn! Àbí mo gbé ọ sílẹ̀ níta láìlórúkọ, kí ẹni tó bá ń kọjá máa gbé ọ lọ, torí pé Ọlọ́run ló fún mi?" Bí inú bá ti ń bí Màámi, èdè Ìjẹ̀ṣà á yọ, ilé á di ulé lẹ́nu wọn. "O wá jókòó sí ulé òyìnbó, ò ń sunkún. Ṣé ọmọ Òṣómàáló kọ́ ni ọ́ ni? Àwọn tó bí àwọn tó bí ọ, bí wọ́n bá tajà fún ènìyàn láwìn, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ni wọ́n ti ń lóṣòó, wọn ò ní dìde títí wọn á fi gba tiwọn. Dìde jàre! Rárá, má dìde. Lóṣòó!"

Ẹ̀rín gbé mi lulẹ̀. Màámi náà rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, àmọ́ nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé mi ò ní fi orin náà sílẹ̀.

Bísí jókòó tì mí, a ka gbogbo ìlànà náà. Wọn ò fẹ́ ìtàn gígùn. Wọ́n fẹ́ ohun tó máa fi hàn pé orin wà lọ́wọ́ mi kí ó tó dé ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Mo ti pa ohùn tí mo gbà nínú yàrá aṣọ ibùsùn rẹ́ kúrò lórí fóònù tèmi. Ṣùgbọ́n Màámi kì í pa nǹkan kan rẹ́. Fóònù wọn ti kún débi pé kò lè ya fọ́tò mọ́, mo sì máa ń bá wọn jà nítorí rẹ̀. Gbogbo ohùn mi láti ọjọ́ tí mo kúrò nílé ló wà níbẹ̀, títí kan èyí tí mo kàn ń wúkọ́. Wọ́n ní bí inú àwọn bá bàjẹ́, àwọn ohùn náà ni àwọn máa ń gbọ́. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí wà lára ohùn náà kedere, Dórà pàápàá ń kùn lẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ̀ ni yàrá aṣọ wà.

Èyí tó kù ni ìwé Bàbá Akọrin. Màámi lọ bá wọn. Bí Bàbá ti gbọ́ pé ìwé àwọn lè yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n dìde lórí ibùsùn, wọ́n béèrè oúnjẹ, wọ́n sì wọ aṣọ akọrin wọn pé pérépéré nínú oòrùn ọ̀sán Iléṣà. Wọn ò gbà kí wọ́n ya fọ́tò ìwé náà lásán. Wọ́n dúró, wọ́n ṣí i sí àyà bí ẹni fẹ́ kàwé fún ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n ya àwọn àti ìwé pọ̀. Dò-rè-mí wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ mi sì wà níbẹ̀ ní kíkún, wọ́n fi rúlà fa igi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún mú ìwé ètò ìkórè wá, orúkọ mi wà lórí ìyẹn náà. Wọn ò sọ fún mi pé àwọn máa tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.

Bísí kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó ku ibì kan nínú fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti béèrè pé ta ló ni orin yìí. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ò ní bá mi kọ ìyẹn.  Mo kọ orúkọ mi, orúkọ àbísọ àti ti ìdílé, mo sì fi àmì ohùn sí orí rẹ̀ bí Màámi ṣe ń pè é, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í pè. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ọlọ́run ló fún mi. Èmi ni mo ni ín.*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi lóṣòó. Nígbà tí èsì dé, mo ń fún Dórà lóúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn ti dá fídíò mi padà, àwọn ti dá ti ìjọ padà, àwọn sì ti yọ ti ọkùnrin yẹn. Mo fi igbe ta! Bísí sáré wọlé, ó ka lẹ́tà náà, òun náà fi igbe ta. A dì mọ́ ara wa, a ń jó yí tábìlì ká, àwọn arúgbó ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí. Ní Iléṣà, wọ́n ní Bàbá Akọrin gbé ìwé wọn dání lọ sí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé e rìn láàrin ìjọ láti ẹ̀yìn dé iwájú kí wọ́n tó jókòó.

Nísinsìnyí, orin kankan kì í jáde lẹ́nu mi lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára láìlórúkọ. Mo ń pa ohùn àkọ́kọ́ mọ́, mo ń kọ ọjọ́ sí i, mo sì ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Bàbá Akọrin kó wọ ìwé. Àwọn tó bá fẹ́ kọ ọ́ nínú ilé wọn tàbí nínú ìjọ wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Ìdùnnú mi ni.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ èyí tó dùn jù fún yín. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo ń sá aṣọ sórí okùn ní àárọ̀ kan tí oòrùn yọ díẹ̀, ni fóònù mi dún. Ọkùnrin olórin náà ni. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n má bínú. Ó ní nígbà tí òun ka ohun tí mo kọ, òun rò pé orin tí kò ní olóhun ni, ojúkòkòrò sì mú òun.

Mo ní, "Ẹ wá fún un ní bàbá tuntun."

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣì fẹ́ràn orin náà, àwọn sì fẹ́ tún un kọ, orúkọ mi ni yóò wà níwájú. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ fún wa láyè?"

Mo di aṣọ tútù mú lọ́wọ́, mi ò mira. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, èmi ni mo ń tọrọ àyè. Mo tọrọ àyè láti wọlé, mo tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́, mo ń tọrọ àyè láti sinmi, lọ́dọọdún ni mo sì ń kọ̀wé tọrọ àyè láti dúró. Kò sí ẹnì kan tó tọrọ àyè kankan lọ́wọ́ mi rí.

Mo mọ̀ pé mo máa gbà. Mo ti gbà kó tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ dákun, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹ tún un bi mí."

Irọ́ ni o. Mo gbọ́ ọ ketekete.